Àkùkọ àti àdán nínú ilé kan: ìdí tí oorun wa kò fi rí bákan náà

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la tẹ̀lé ara wa, yàrá kan náà la sì ń sùn sí títí mo fi kúrò nílé. Kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, èmi ti jí, mo ti gbálẹ̀, mo ti pọnmi. Ní ti àbúrò mi, omi tútù ni wọ́n máa ń wọ́n sí i lójú kó tó dìde fún àdúrà àárọ̀. Bó bá dìde tán, yóò fẹ̀yìn ti ògiri, yóò máa tòògbé títí tí a ó fi ṣe àmín. Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n tó bá di aago mọ́kànlá alẹ́, tí gbogbo ilé ti sùn fọnfọn, ìgbà yẹn gan-an ni ojú tirẹ̀ máa ń là. Tí mo bá tají lóru, màá rí i nídìí ìwé ìṣirò, àtùpà kékeré níwájú rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ń yá bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí iṣẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó wà lójúfò láti rí i.

Ṣáájú Kérésì tó kọjá, ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ti dáhùn àwọn ìbéèrè kan lórí fóònù rẹ̀ nípa bó ṣe ń sùn àti bó ṣe ń jí, wọ́n sì sọ fún un pé ìkookò ni. Kí n tó fèsì, ó ti pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, ìkookò ni mí o. Mi ò kì í ṣe ọ̀lẹ." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ẹranko mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Michael Breus, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà tó gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ oorun, ló gbé ìpín mẹ́rin yìí jáde lọ́dún 2016. Ẹni tó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ara rẹ̀ máa ń yá lówùúrọ̀, tó sì máa ń tètè sùn, kìnnìún ni. Ẹni tó ń bá oòrùn rìn, tó ń jí nígbà tí oòrùn bá yọ, tó ń sùn nígbà tí alẹ́ bá lẹ́, béárì ni, ìyẹn ẹranko ńlá onírun tó wà nílẹ̀ olótùútù. Breus ní nǹkan bí ìdajì èèyàn ló wà nínú ọ̀wọ́ yìí. Ẹni tí àárọ̀ máa ń nira fún, tí ọgbọ́n rẹ̀ máa ń jí lálẹ́, ìkookò ni. Ẹni tí oorun rẹ̀ fúyẹ́, tí ìró díẹ̀ ń jí, tí kì í sùn tẹ́rùn, dọ́fíìnì ni, ìyẹn ẹran omi kan.

Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí ìdánwò náà, pé aago ara èmi lè má bá ti ìwọ dọ́gba, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àwọn ẹranko tí wọ́n fi ṣàpẹẹrẹ ni kò bá a mu. Ó ṣe pàtàkì kí èèyàn ya méjèèjì sọ́tọ̀, torí ẹni tó bá gba orúkọ ẹranko mọ́ra lè máa lò ó bí àbùkù tuntun, tàbí bí àwáwí.

Ẹ wo kìnnìún. Kìnnìún gidi kì í jí ní ìdájí láti lọ síbi iṣẹ́. Ó lè fi nǹkan bí 20 wákàtí sùn, tàbí kó kàn nà gbalaja sábẹ́ igi, lójúmọ́ kan ṣoṣo, òru ló sì fẹ́ràn jù láti ṣọdẹ. Tí a bá fi ìwà kìnnìún gan-an sọ ọ́, àbúrò mi ni kìnnìún, kì í ṣe èmi. Béárì ní tirẹ̀ máa ń wọ ihò lọ sùn fún oṣù bíi mélòó kan tí òtútù bá dé. Ìkookò, ìyẹn ti ilẹ̀ òyìnbó tó jọ ajá, ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yá jù.

Dọ́fíìnì ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Inú òkun ló ń gbé, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń mí bíi tiwa, ó sì gbọ́dọ̀ máa yọ orí síta kó tó lè mí. Bí gbogbo ọpọlọ rẹ̀ bá sùn lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ewu ni. Nítorí náà, apá kan ọpọlọ rẹ̀ á sùn, apá kejì á máa ṣọ́nà. Ojú kan á pa dé, ojú kejì á là sílẹ̀. Tó bá yá, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Dọ́fíìnì kò ṣàìsàn kankan. Bí wọ́n ṣe dá a ló ṣe ń sùn. Ṣùgbọ́n ọmọ èèyàn tí kò rí oorun sùn, tó ń yí gbirigbiri lórí bẹ́ẹ̀dì títí di aago mẹ́ta òru, kò ní ọpọlọ tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ìyà ló ń jẹ ẹ́. Kò dáa kí wọ́n fún un ní orúkọ ẹran omi tó rẹwà kí wọ́n sì ní kó máa lọ.

Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n mú ẹranko wá, mi ò ní jìnnà sílé. Àkùkọ àti àdán ni màá mú.

Ẹni tó bá sin adìẹ rí mọ̀ pé tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń rẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́, adìẹ ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kọ́kọ́ máa rìn yíká ẹsẹ̀ ilé, lẹ́yìn náà ọ̀kan á fò sókè, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e, wọ́n á tò, wọ́n á fi ìyẹ́ fún ara wọn mọ́ra. Kò ní pẹ́ tí wọn ò fi ní mọ ohun tó ń lọ mọ́. Ní wákàtí yẹn kan náà, tó o bá dúró sínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ílé-Ifẹ̀, wàá rí àwọn àdán tó ti so rọ̀ sórí igi láti àárọ̀, tí wọ́n ń tú jáde lọ wá èso jẹ, tí ojú ọ̀run á dúdú fún wọn. Bí ti ibí ṣe ń wọlé ni ti ọ̀hún ń jáde. N kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan pe àdán ní ọ̀lẹ nítorí pé ó sùn lọ́sàn-án.

Kí ló wá ń sọ fún àkùkọ pé ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́? Èmi ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń rí. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ìlú Nagoya, ní Japan, kó àkùkọ sínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe bàìbàì bákan náà tọ̀sán-tòru. Kò sí oòrùn, kò sí ìdájí. Síbẹ̀ àwọn àkùkọ náà ń kọ ní àsìkò tó yẹ kí wọ́n kọ, fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Inú ara wọn ni aago náà wà. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún rí i pé àkùkọ tó jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn ló máa ń kọ́kọ́ kọ, kí àwọn tó kù tó máa tẹ̀ lé e bí ipò ṣe ju ipò lọ.

Aago inú ara yìí kò mọ sọ́dọ̀ ẹran àti ẹyẹ. Lọ́dún 1729, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-Jacques d'Ortous de Mairan, gbé ewéko ìran patanmọ́ sínú òkùnkùn. Patanmọ́ tí à ń wí yìí náà ni, èyí tí gbogbo wa fọwọ́ kàn lójú ọ̀nà oko nígbà èwe kó lè pa ara rẹ̀ dé. Ewé náà máa ń là lọ́sàn-án, á sì pa dé lálẹ́. Nínú òkùnkùn tí kò ti rí oòrùn rárá, ó ṣì ń là, ó ṣì ń pa dé, bí ẹni pé ó ń gbọ́ agogo kan tí àwa ò gbọ́.

Ó gba ọjọ́ pípẹ́ kí wọ́n tó rí nǹkan tó ń lu agogo náà. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti pọ́n jù ló tú àṣírí ọ̀hún. Lọ́dún 1971, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Ronald Konopka àti Seymour Benzer, ní California rí irú kòkòrò yìí mẹ́ta tó ṣàjèjì. Ọ̀kan kò ní àsìkò kankan, ó kàn ń sùn, ó ń jí bó ṣe wù ú. Ọjọ́ ti èkejì jẹ́ wákàtí 19. Ọjọ́ ti ẹ̀kẹta jẹ́ 28. Àbùdá kan ṣoṣo, ìyẹn ohun tí a ń jogún sínú ara láti ọ̀dọ̀ òbí, ló yí padà tó fa gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, ló tú iṣẹ́ àbùdá yẹn wò fínnífínní, ẹ̀bùn Nobel sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ nítorí rẹ̀ lọ́dún 2017. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa àwọn kòkòrò yìí, omi tútù tí wọ́n ń wọ́n sí àbúrò mi lójú ló sọ sí mi lọ́kàn. Ta ló máa wọ́n omi sí kòkòrò tí ọjọ́ tirẹ̀ gùn tó wákàtí 28?

Tiwa náà wà níbẹ̀. Nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé, ìdìpọ̀ kékeré kan wà tó jẹ́ olórí aago ara. Ojú ló ń ròyìn ìmọ́lẹ̀ fún un. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á ní kí họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní melatonin máa sun wá, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ojú á máa wúwo. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, aago yìí fi díẹ̀ ju wákàtí 24 lọ, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ló sì ń fà á padà sípò lójoojúmọ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá gùn díẹ̀ sí i, oorun rẹ̀ á máa sún síwájú. Ẹni tí tirẹ̀ bá kúrú, ìdájí ni ojú rẹ̀ máa ń là, tó bá fẹ́, tó bá kọ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 wo nǹkan bí 700,000 èèyàn, wọ́n sì rí ibi 351 nínú àbùdá wa tó lọ́wọ́ sí i bóyá èèyàn á jẹ́ ẹni àárọ̀ tàbí ẹni alẹ́. Ibi ọ̀kan kọ́, ibi méjì kọ́.

Òun ló fi jẹ́ pé àpótí mẹ́rin kò lè gbà wá. Láti ọdún 1976 tí àwọn olùwádìí méjì, James Horne àti Olov Östberg, ti gbé ìbéèrè 19 jáde láti fi wọn ẹni àárọ̀ àti ẹni alẹ́, ohun tí wọ́n ń rí ni pé bí gíga èèyàn ṣe rí ni èyí náà rí. Díẹ̀ ló ga gan-an, díẹ̀ ló kúrú gan-an, àwọn tó kù wà láàárín. Ọ̀pọ̀ wa ni kò ṣe eku, tí kò ṣe ẹyẹ.

Ọjọ́ orí sì ń yí i padà. Ọmọdé tètè ń jí, ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọ ọdún mẹ́ta nílé mọ̀. Bí ọmọ bá ti ń bàlágà, aago rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sún síwájú, á máa sún lọ títí á fi tó nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bàbá àgbà fi ń jí ní aago mẹ́rin tí ọmọ ọmọ rẹ̀ kò sì lè jí ní mẹ́fà, tí àwọn méjèèjì á sì rò pé nǹkan kan ló ń ṣe èkejì. Ní California, òfin kan ti wà láti ọdún 2022 pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣáájú aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, nínú ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé, agogo ìdìde ti ń dún ní aago márùn-ún, pàṣán sì ń tẹ̀ lé e. Ó ń dùn mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nílò wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán, a sì ń jí i ní àárín gbùngbùn òru tirẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ̀dá fi rí báyìí, tí gbogbo wa kò fi jọ sùn pọ̀ bí adìẹ? Ìdáhùn kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ní Tanzania, àwọn ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ń pè ní Hadza, tí wọ́n ṣì ń ṣọdẹ, tí wọ́n ń wa iṣu ìgbẹ́, tí wọ́n ń gé oyin. Olùwádìí kan, David Samson, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so ẹ̀rọ mọ́ ọwọ́ àgbàlagbà 33 nínú wọn fún ogún ọjọ́, láti mọ ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sùn. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì jáde lọ́dún 2017, ìṣẹ́jú 18 péré ni gbogbo wọn sùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ogún ọjọ́ ọ̀hún. Wọn kò yan olùṣọ́. Kò sẹ́ni tí wọ́n ní kó má sùn. Àgbà ń jí, ọ̀dọ́ kò tíì sùn, ẹlòmíràn dìde láti koná mọ́ igi, ẹlòmíràn ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Lọ́nà yẹn, ojú kan á máa wà tó là nínú òkùnkùn, kìnnìún kò sì ní bá gbogbo wọn lójú oorun.

Àwa náà mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ọdẹ aṣóde tó ń fọn fèrè káàkiri àdúgbò lóru nílò ara tó lè wà lójúfò. Àwọn ajíwéré tó ń fi ìlù àti orin jí mùsùlùmí fún sààrì nínú ààwẹ̀, ibi tí orin fújì ti hù jáde, kì í ṣe ẹni tí oorun máa ń pa ní aago mẹ́sàn-án. Ẹni tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì ní aago méjì òru kí ọmọ rẹ lè rí jẹ kó tó lọ síléèwé, ọ̀kan náà ni. Ìlú kò lè dúró láìsí wọn. Síbẹ̀, bí irú wọn bá wà nínú ilé wa, omi tútù là ń wọ́n sí wọn lójú.

Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ wa kì í gbé ìgbé ayé aago ara wa. Till Roenneberg, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Munich, ní Jámánì, ní kí a má fi ọjọ́ iṣẹ́ wọn oorun ẹnikẹ́ni, ọjọ́ ìsinmi ni kí a fi wọ̀n ọ́n. Ká ní lọ́jọ́ tí kò sí iṣẹ́, o sùn ní aago méjìlá òru, o jí ní mẹ́jọ. Àárín oorun rẹ jẹ́ aago mẹ́rin. Lọ́jọ́ iṣẹ́, o sùn ní mọ́kànlá, o jí ní márùn-ún, àárín rẹ̀ jẹ́ aago méjì. Ìyàtọ̀ wákàtí méjì nìyẹn. Ó dà bíi kó o máa wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó lọ sí Nairobi ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó o sì máa padà ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ara máa rẹ ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí kò tiẹ̀ kúrò nílé.

Ẹ wo àwọn tó ń gbé Ìkòròdú tàbí Mowe tí iṣẹ́ wọn wà ní Victoria Island. Aago mẹ́rin ni wọ́n ti wà lójú pópó, ọmọ mìíràn ń sùn léjìká ìyá rẹ̀ nínú dánfó. Kì í ṣe pé gbogbo wọn jẹ́ ẹni ìdájí. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ló sọ wọ́n dà á. Bí wọ́n bá sì délé lálẹ́, ooru wà, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń ké, ẹ̀fọn ń kùn létí. Kò sí ìdánwò ẹranko tó lè tún ìyẹn ṣe. Àwọn nọ́ọ̀sì àti ọ̀gbẹ́ni sìkiọ́rítì tó ń fi ọ̀sẹ̀ kan ṣiṣẹ́ lóru, tí wọ́n á fi èyí tó kàn ṣe é lọ́sàn-án, tiwọn tún burú jù bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2007 ni ẹ̀ka ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi irú iṣẹ́ òru tó ń da aago ara rú bẹ́ẹ̀ sára àwọn nǹkan tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ.

Àmọ́ apá kan wà tó wà lọ́wọ́ wa, èyí tí mo sọ fún àbúrò mi nígbà tó pè mí. Lọ́dún 2013, olùwádìí kan, Kenneth Wright, kó èèyàn mẹ́jọ lọ sórí òkè ní Colorado fún ọ̀sẹ̀ kan, láìsí fóònù, láìsí tọ́ọ̀ṣì, oòrùn àti iná igi nìkan. Aago ara wọn fi nǹkan bíi wákàtí méjì padà sẹ́yìn, àwọn tó máa ń pẹ́ sùn ló sì yí padà jù. Èyí fi hàn pé kì í ṣe àbùdá nìkan ló sọ àbúrò mi di ẹni òru. Fóònù tó ń tàn sí i lójú ní aago méjìlá ń dá kún un. Mo ní kó jáde sínú oòrùn ní ìdajì wákàtí tó bá jí, kó pa fóònù tì ní wákàtí kan kó tó sùn. Mo sì bi í nípa obì, torí mo mọ̀ ọ́n. Èròjà tó wà nínú kọfí tó ń lé oorun lọ wà nínú obì náà, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ló sì máa ń gbà kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Obì tó jẹ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ṣì ń bá a fà á ní mọ́kànlá.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ibi tí tirẹ̀ wà, kò nílò ìdánwò. Kó dúró de ìgbà tí yóò rí ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi, kó má ṣe yí agogo sí i, kó máa kọ ìgbà tó sùn àti ìgbà tó jí sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́ kò ní dára wò, gbèsè oorun ló ń san. Ohun tó bá hàn lẹ́yìn ìyẹn ni tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń han-an-run gan-an, tí èémí rẹ̀ ń dá lójú oorun, tó ń ta jí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, tó sì ń tòògbé nídìí ọkọ̀ lọ́sàn-án, kó tètè lọ rí dókítà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹranko. Bákan náà ni ẹni tí kò rí oorun sùn lálẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́ta. Kó má ra oògùn oorun lọ́wọ́ kẹ́míìsì àdúgbò.

Àbúrò mi wálé fún Kérésì. Iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí, aago méjì ọ̀sán ló ń wọlé síbẹ̀, ara rẹ̀ sì ti yí padà. Lọ́jọ́ kejì tó dé, aago mẹ́sàn-án kọjá kó tó jáde láti yàrá. Àkàrà tirẹ̀ wà nínú abọ́ lórí tábìlì, màmá wa ti fi ìdérí bò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n bi í bóyá ó sùn dáadáa.